Ẹ̀kúnwọ́ Ẹfun Kan

Kaolín ni wọ́n pè é nínú ìwé ibi iṣẹ́.
Èmi rí i lọ́jọ́ kìíní, ẹnu mi ò gbà á.
Mo ní: ẹfun lèyí.
Ẹfun tí ìyá ìyá mi fi ń kun ẹsẹ̀ ògiri ní Ìṣàn,
òun náà ló ṣíwájú mi dé Kọ́nwọ̀ọ̀lù,
tó sùn sábẹ́ òkè lẹ́bàá Sẹ́ńtì Ọ́sítẹ́ẹ̀lì,
tó ń retí katakátá.

Omi la fi ń wa á.
A ó na ẹnu rọ́bà sí òkè bí ẹni ń bá a jà,
òkè á máa sọ̀ kalẹ̀ bí wàrà.
Ìdá mẹ́wàá tí a bá hú, ẹyọ kan péré lẹfun;
mẹ́sàn-án yòókù, iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́,
a kó o jọ, ó di òkè mìíràn,
òkè funfun tí kò ní oríkì.

Jory Pẹ́ńhélì, ọ̀gá wa,
baba rẹ̀ wa ihò yìí, baba baba rẹ̀ wa á.
Ó ní nígbà tóun wà lọ́mọdé
odò ẹ̀yìnkùlé wọn funfun bí ẹ̀kọ mímu,
ẹja kan ò gbé ibẹ̀.
Lónìí, omi tí a fi fọ òkè la tún ń fi fọ̀ ọ́:
ó wọ adágún, ó tòrò, ó padà sẹ́nu ẹ̀rọ,
bí àlejò tí kò mọ ilé mìíràn.
Lọ́jọ́ Sátidé mo bá a lórí ìkúnlẹ̀,
ó ń fọ́n irúgbìn sórí òkè iyanrìn.
Mo bi í pé ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.
Ó ní: oyin.

Ìyá Àdùfẹ́ kì í wa amọ̀ lójò.
Ó ní ilẹ̀ ń rọbí lọ́wọ́.
Ibi tó bá wa lọ́dún yìí,
á da eérú àti àpáàdì sínú rẹ̀,
á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á ní: ó dọdún mẹ́fà.
Mo rò pé ẹ̀sìn ni.
Ìṣirò ni.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, típà wọlé fún ọdún méjì,
wọ́n ń kó amọ̀ lọ sun bíríkì.
Ihò náà ṣì wà níbẹ̀.
Ọmọ kan kú sínú rẹ̀ lọ́dún tí òjò pọ̀.
N ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí.

Lẹ́tà tí ìjọba kọ sí wa,
pé ká ṣì jókòó fún ọdún mẹ́ta sí i, ń dán.
Jory fi èékánná họ ọ́,
ó ní: ihò wa nìyí, ẹfun ni wọ́n fi ra bébà yìí lójú.
Mo wo òǹtẹ̀ náà títí.
Èmi tí mo ń wa ilẹ̀ wọn,
ilẹ̀ wọn ni wọ́n fi gbà mí láyè.

Ìbíwùmí lóyún oṣù mẹ́rin.
Bí mo bá wọlé, kóòtù mi ló ń kí kó tó kí mi.
Ó ní: mú díẹ̀ wá.
Dókítà ní rárá, nọ́ọ̀sì ní rárá.
Ó fìka nu eruku ọrùn kóòtù, ó lá a,
ó rojú: "Kò tó tilé. Tilé níyọ̀ nínú."

Ẹfun yìí kò lẹ̀ bí amọ̀, kò ṣeé mọ níkòkò.
Ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ pàápàá,
ó ní láti mọ̀wọ̀n.

Lánàá, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan sápò.
Jory rí mi. Ojú tì mí.
Kò bú mi. Ó ṣí ìwé tí a ń kọ tọ́ọ̀nù sí,
ó lá ẹnu bírò,
ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ọjọ́ náà:
ẹ̀kúnwọ́ kan.
Ó bi mí pé orúkọ ta ni kóun kọ sí i.
Mo ní a ò tíì sọ ọ́ lórúkọ.